Ilé Ìṣọ́ Kúkúrú Méjì

"Màmá, ẹni tí ẹ máa ń dárúkọ lẹ́yìn àwọn òkú yìí, ṣé òun náà ti kú ni?"

Mọ́níkà, ọmọ àbúrò rẹ, ló béèrè bẹ́ẹ̀ lálẹ́ òní, Àjàgbé ọmọ mi, nígbà tí a ka Rósárì tán. Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé wa. Bí a bá ti gbàdúrà fún àwọn alààyè, a ó gbàdúrà fún àwọn tó ti lọ. A ó dárúkọ bàbá yín, a ó dárúkọ àwọn òbí mi. Lẹ́yìn náà ni èmi máa ń fi orúkọ tìrẹ kádìí rẹ̀. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé orúkọ rẹ ni ilé yìí ń fi sùn. N kò mọ̀ pé ọmọ ọdún méje ń gbọ́ ọ, tó sì ti kà ọ́ mọ́ àwọn òkú.

Bàbá Mọ́níkà ń wo fìtílà. Ìyá rẹ̀ ń ká ẹní tí kò tíì tó ká. Mo ní, "Lọ sùn, ìyá mi." Títí di bí mo ti ń kọ ìwé yìí, kò tíì sùn. Mò ń gbọ́ ọ bó ṣe ń yí lórí ibùsùn. Bàbá rẹ̀ ń rìn ní pálọ̀, síwá, sẹ́yìn.

N kò kọ̀wé láti bá ọ jà. Ìtàn kan ni mo fẹ́ sọ fún ọ, èyí tí ìyá àgbà mi sọ fún mi. O rántí pé gbogbo àlejò tó bá dé kàtídírà wa ló máa ń béèrè ìdí tí ilé ńlá bẹ́ẹ̀ fi ní ilé ìṣọ́ agogo méjì tí kò ga tó òrùlé. Ìwọ náà bi mí rí nígbà tí o wà lọ́mọdé, mo ní kí o máa wo pẹpẹ. Ìdáhùn rẹ̀ nìyí.

Ọkùnrin kan wà, ọ̀gá bíríkìlà ni. Àwọn òbí rẹ̀ wà lára àwọn tó ti òkè òkun padà wá, tí wọ́n mú ẹ̀sìn Àgùdà àti iṣẹ́ ilé kíkọ́ bọ̀ wálé. Lákòókò náà, abẹ́ òrùlé koríko ni Fàdá ti ń ṣe Mísà. Bí òjò bá rọ̀, a máa kán sórí pẹpẹ, àwọn obìnrin a sì máa na ìborùn wọn lé Fàdá lórí kí omi má bàa bọ́ sínú ife. Fàdá pe ọkùnrin náà. Ó ní, "Bàbá, ẹ kọ́ ilé kan fún wa, èyí tí ọmọ ọmọ yín yóò bá láyé."

Ọkùnrin náà fi ìpìlẹ̀ sọlẹ̀ ní àwòrán àgbélébùú. Ó kọ orí rẹ̀ sí ìlà oòrùn, kí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ lè kọ́kọ́ kan pẹpẹ. Amọ̀ etí odò ni wọ́n fi mọ bíríkì, tí wọ́n sun ún nínú iná títí ó fi pọ́n. Ó to òpó méjìlá ní ọ̀wọ́ méjì. Ó ṣe orí àwọn fèrèsé ní ṣóńṣó, bí ọwọ́ méjì tó pàdé láti gbàdúrà. Ó gbé òrùlé lọ sókè gan-an, kí ooru lè ríbi gbà, kí orin sì lè padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ ọ́. Lójú ilé náà, ó fi àyè ilé ìṣọ́ méjì sílẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Igi ìrókò kan ni yóò na láti orí èkínní dé orí èkejì. Ara igi náà ni agogo yóò rọ̀ sí.

Ó máa ń sọ pé, "Ilé ìṣọ́ kan kò lè dá gbé agogo. Àwọn méjèèjì ló ń gbé e."

Kò kọ ohunkóhun sínú ìwé. Ọ̀pá ìwọ̀n kan ló ní, tó gé nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, láti àárín àyà rẹ̀ dé ṣóńṣó ìka rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti mú kí ọ̀pá náà dán. Òun ló fi wọn ohun gbogbo. Ó ní ọmọkùnrin méjì tó ń bá a ṣiṣẹ́, ó sì kọ́ wọn ní iye rẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní àdúrà: ọ̀pá mẹ́rin ní ẹnu ọ̀nà, ọ̀pá mẹ́jọ ní òpó, ọ̀pá mẹ́rìndínlógún ní ilé ìṣọ́. Kò sí òru tí ènìyàn lè jí wọn tí wọn kò ní kà á bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kan òrùlé tán, ọkùnrin náà dùbúlẹ̀ àìsàn. Èyí ẹ̀gbọ́n wà ní ọ̀nà jíjìn níbi tí wọ́n ti ń sun bíríkì. Wọ́n ránṣẹ́ sí i, ṣùgbọ́n bàbá kò lè dúró. Èyí àbúrò ló pa ojú bàbá dé. Òun ló mú ọ̀pá náà níbi orí bàbá, tó gbé e mọ́ra.

Ẹ̀gbọ́n dé pẹ̀lú eruku lẹ́sẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni ọ̀pá lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀.

Ó ní, "Ta ló ní kí o fọwọ́ kan ọ̀pá yẹn kí n tó dé?"

Àbúrò ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ibi orí bàbá ni mo ti mú un."

Ẹ̀gbọ́n já a gbà. Bóyá bí ó bá parí síbẹ̀, ì bá tán. Ṣùgbọ́n inú àbúrò bàjẹ́, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó sọ. Ó ní, "Ẹ máa mú un lọ. Ọ̀pá kì í wọn ilé fún ẹni tí kò sí nílé."

Ẹ̀gbọ́n wò ó. Ó ní, "Ó dáa. Wá ọ̀pá tìrẹ."

Láti ọjọ́ náà, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mú ilé ìṣọ́ ọ̀tún, àbúrò mú ti òsì. Ẹ̀gbọ́n ń fi ọ̀pá bàbá wọn ilé, bó bá sì di ìrọ̀lẹ́, a fi í pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. Àbúrò gé ọ̀pá tuntun. Ó na apá rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n láti àárín àyà dé ṣóńṣó ìka, bí bàbá rẹ̀ ti ṣe. Gbogbo ìlú ló máa ń sọ pé òun ló jọ bàbá jù. Lóòótọ́ ló jọ ọ́ lójú. Ṣùgbọ́n apá rẹ̀ fi ìbú ìka mẹ́ta kúrú sí ti bàbá. Kò mọ̀.

Àwọn tó ń kọ́lé nígbà náà kì í jẹ́ kí ògiri tuntun rí oòrùn. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń bò ó, kí oòrùn má bàa gba omi ara rẹ̀ kíákíá kó sì sán. Nítorí náà, ilé ìṣọ́ méjèèjì ń ga sí i lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, kò sì sẹ́ni tó lè fi ojú wọn èkínní mọ́ èkejì. Nípa iye ọ̀pá nìkan ni wọ́n fi ń mọ ibi tí wọ́n dé, àwọn lébìrà ló sì ń jẹ́ iṣẹ́ láàárín wọn.

"Ọ̀gá wa ní kí a bi yín pé ibo lẹ dé."

"Ẹ sọ fún wọn pé a ti dé ọ̀pá mẹ́wàá. Ẹ̀yin ńkọ́, àbí ẹ ṣì ń po amọ̀?"

"Àwa náà ti dé mẹ́wàá. Ẹ máa yọ ṣùtì yín níbẹ̀, a ó pàdé lókè."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, kálukú padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Mẹ́wàá ni mẹ́wàá.

Ìyá wọn nìkan ló ń gun ilé ìṣọ́ méjèèjì. Òun ló ń gbé omi mímu àti oúnjẹ lọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ lókè. Ó ti dàgbà, orúnkún ń dùn ún, nítorí náà ló ṣe máa ń ka ipasẹ̀ àkàbà, igi kọ̀ọ̀kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀, bó ti ń gùn ún. Ní ọ̀tún, ó ka mẹ́rìndínlógójì. Ní òsì, ó ka mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó tún un kà lọ́jọ́ kejì. Bákan náà ni.

Ó sọ fún àbúrò. Ó ní, "Ọ̀pá mẹ́wàá lo pè é, ọ̀pá mẹ́wàá ni ẹ̀gbọ́n rẹ pè é, ṣùgbọ́n orúnkún mi ní wọn kì í ṣe ọ̀kan náà."

Àbúrò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, orúnkún yín ló ti darúgbó. Ẹ jókòó, ẹ sinmi."

Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yé e lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Bó bá mọ̀ pé òun nílò ọ̀pá yìí, kó wá bẹ̀ mí. N kò ní gbé e lọ bá a."

Ìyá náà kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀rù bà á pé bí òun bá tún sọ ọ́, ọ̀kan nínú wọn yóò ní òun ń gbè sẹ́yìn èkejì. Ó ń ru omi. Ó ń ka ipasẹ̀ àkàbà sínú. Ó dákẹ́.

Wọ́n dá ọjọ́ Ìsinmi kan fún ìyàsímímọ́ ilé náà. Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀. Ní ọjọ́ Túsìdé tó ṣáájú rẹ̀, wọ́n ṣí imọ̀ ọ̀pẹ kúrò. Gbogbo ìlú dúró sí iwájú ilé Ọlọ́run, wọ́n gbójú sókè. Ilé ìṣọ́ ọ̀tún yọ orí ju òrùlé lọ. Ilé ìṣọ́ òsì kò bá òrùlé dọ́gba. Ìyàtọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbọ̀nwọ́ méjì. Ẹnì kan kígbe láàárín èrò pé, "Ẹ wá wo ilé Ọlọ́run tó ń tiro!" Ẹ̀rín bú jáde. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í tiro yí ọgbà ká.

Àbúrò dúró nísàlẹ̀, ojú rẹ̀ ń lọ láti ọ̀kan sí èkejì. Lẹ́yìn náà ló gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó na apá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì wò ó fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìṣọ́ tirẹ̀. Láti oṣù mélòó kan ló ti ń retí ọjọ́ náà. Ó ti rò pé yóò dùn. Kò dùn. Ìṣísẹ̀ ogún péré ló wà láàárín òun àti àbúrò rẹ̀. Ó wo ọ̀nà náà. Ó ní òun yóò lọ bá a bó bá di ọ̀la. Ó lọ sílé lọ jẹun.

Àbúrò padà gun òkè. Ó fẹ́ kí ilé ìṣọ́ òun ga tó kí Bíṣọ́ọ̀bù tó dé. Gbogbo bíríkìlà ló mọ̀ pé ẹsẹ̀ bíríkì mẹ́ta, ìlà lórí ìlà, ni ènìyàn ń tò lóòjọ́, tí yóò bò ó, tí yóò sì fi í sílẹ̀ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Àwọn lébìrà rán an létí. Ó ní kí wọ́n máa gbé amọ̀ wá. Nígbà tí ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, òun nìkan ló kù lókè. Ẹsẹ̀ bíríkì mọ́kànlá ló tò kí oòrùn tó wọ̀. Òjò sì dé.

Ẹ̀gbọ́n gbọ́ òjò lórí òrùlé rẹ̀. Ó rántí ògiri tútù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ọ̀pá jáde lábẹ́ ibùsùn, ó sì ń sáré lọ nínú òjò náà. Ó fẹ́ sọ fún àbúrò rẹ̀ pé kó sọ̀ kalẹ̀, pé ọ̀pá rèé, pé àwọn méjèèjì yóò jọ tò ó. Ó pàdé àwọn ènìyàn lójú ọ̀nà, wọ́n gbé nǹkan kan bọ̀ lórí ilẹ̀kùn. Ògiri tútù náà ti wó, ó sì gbé ẹni tó tò ó lọ. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀ mọ́.

Ó fi ọ̀pá bàbá sínú pósí pẹ̀lú àbúrò rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Fàdá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àbúrò rẹ̀ parí ilé ìṣọ́ òsì, kó gbé e dé ibi tí ti ọ̀tún dé. Ó kọ̀. Ó gun ilé ìṣọ́ tirẹ̀ lọ. Ó mú òòlù dání, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn bíríkì tó ti tò pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ó ń gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ ní méjì méjì. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe é. Ọ̀pá kúkúrú tí àbúrò rẹ̀ gé ló fi ń wọ̀n ọ́n. Nígbà tó ka mẹ́rìndínlógún, ó dúró.

Ìdí nìyí tí àwọn méjèèjì kò fi ga tó òrùlé. Wọ́n na igi ìrókò lé wọn lórí, igi náà sì dùbúlẹ̀ láìtẹ̀ síbì kan. Wọ́n fi agogo kọ́ ọ. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ dún, gbogbo ìlú ń jó. Ìyá wọn nìkan ló fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

Obìnrin kan bi í pé, "Ìyá, ṣé ariwo rẹ̀ ló pọ̀ jù ni?"

Ó ní, "Rárá. Àwọn ilé ìṣọ́ náà ti dọ́gba. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń wá kí wọ́n dọ́gba, ọmọ méjì ni mò ń ru omi fún."

Àjàgbé, ìwọ ni mò ń bá wí. Ìgbọ̀nwọ́ méjì tí ẹ̀gbọ́n yẹn fi ọjọ́ mẹ́rin tú pẹ̀lú omijé, ìṣísẹ̀ ogún ni ì bá fi tú u láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdé, kó sì padà sílé lọ jẹun.

Lọ́jọ́ ìsìnkú bàbá yín, o ti Kàdúná dé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sán gangan ni a ti sin ín. Ìwọ ni àkọ́bí, ìwọ ló tọ́ sí láti kọ́kọ́ da erùpẹ̀ lé e, a kò sì dúró dè ọ́. Mo mọ bó ṣe dùn ọ́ tó. Àbúrò rẹ sì dúró lẹ́bàá sàréè, ó ní ẹni tó bá wà nílé ló ń sìnkú. Ọ̀rọ̀ burúkú ni. N kò ní kín in lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí o kò mọ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n sin ín. Fàdá fẹ́ máa lọ, wọ́n sì ti sọ fún mi pé ọ̀nà ti dí, pé bóyá o kò ní lè dé mọ́. Àbúrò rẹ kúnlẹ̀ bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí a dúró dè ọ́. Mo ní rárá. Nígbà tí o dé tí o ń pariwo, ó bojú wò mí, ó rí i pé ẹ̀rù ń bà mí, ó sì gbà á sí ọrùn ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn, ó sọ ọ́ kí ojú rẹ lè kúrò lára mi ni. Ó ti di ọdún mẹ́rin. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà kò sọ ọ́. Mò ń ru omi fún ẹ̀yin méjèèjì. Mò ń ka ipasẹ̀ àkàbà sínú, mo sì dákẹ́. Dárí jì mí.

Ìwọ ní kó wá bẹ̀ ọ́. Òun náà ní o ní ẹnu, kí o sọ̀rọ̀. Ọmọ mi, ìwọ lo ga jù. Ẹni tó ga ló lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó wà nísàlẹ̀, bó bá fẹ́ ga lójijì, ògiri tútù ni yóò gùn. Má ṣe jẹ́ kó jẹ́ pé inú pósí ni ọ̀kan nínú yín yóò ti fi ọ̀pá lé èkejì lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé Àjíǹde ni Mọ́níkà yóò gba Kọmúníọ̀nù fún ìgbà àkọ́kọ́ ní kàtídírà. Wá. Má kọ̀wé, má sì rán ẹnì kankan sí wa. Gba ẹnu ọ̀nà ńlá wọlé, láàárín ilé ìṣọ́ méjèèjì, kí ọmọ náà lè rí ọ lórí ìrìn. Ó bi wá léèrè bóyá o ti kú. Àwa kò lè dá a lóhùn. Ìwọ nìkan ló lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ dá a lóhùn.

Mọ́níkà kò yí mọ́ lórí ibùsùn. Mo gbọ́ tí ìyá rẹ̀ pa ilẹ̀kùn dé. Ẹsẹ̀ àbúrò rẹ ti dúró ní pálọ̀. Nígbà tí mo yọjú, orí àga ló ti ń sùn lọ, àdúrà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Mo tẹ́tí sí i. Orúkọ rẹ ló fi sùn.